Orí Kẹsàn-án: Òpó Tó Ń Mu Ẹ̀jẹ̀ Ẹbí

Akàn kọ̀, kò gbé òpó kẹta. Ó dúró sórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mẹ́jọ, ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè, iná pupa orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo mú igi, mo fi lù ú lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Láti orí òrùlé tó ti ń so ewé, Dípẹ̀olú àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o. Ẹrù ìjọba lẹ ń lù yẹn."

"Ọ̀lẹ ni mò ń lù. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi gbé òkúta iyùn láìsinmi, ìgbà tó wá ku òpó méjì péré ló wá ń káwọ́ sókè."

"Òpó ẹbí ni. Kì í fọwọ́ kan òpó ẹbí, ẹ̀yin náà sì mọ̀."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Inú ló ń bí mi, mo sì ń wá ẹni tí màá kanra mọ́. Ní erékùṣù Ráfúnà yìí, Akàn lè gbẹ́ ihò, ó lè po ẹfun, ó lè fa igi àgbọn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ òpó dúdú mẹ́rin tó ń dúró ní igun ilé, ọwọ́ ẹbí nìkan ni òfin gbà kó gbé e nàró.

Dípẹ̀olú sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Kékeré náà dìde níbi tó jókòó sí. Àbúrò bàbá wa ni, Akíngbadé lorúkọ rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè ní kó jókòó kó máa wòran. Ó ti fi ewé wé ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́, Bàbá?" ni mo bi í.

"Àgbọn ni mò ń là láàárọ̀, àdá yọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé nǹkan yìí kí oòrùn tó mú."

A gbé òpó kẹta, a rì í sí igun tó kọjú sí òkè. Tèmi nìyẹn. A gbé ìkẹrin lọ sí igun tó kọjú sí òkun, torí nínú ẹbí tiwa, àbíkẹ́yìn ló ń ni òpó ojú omi. Ti Dípẹ̀olú nìyẹn. Nígbà tí òpó kọ̀ọ̀kan bá ti dúró, Bàbá Kékeré á ní ká sún sẹ́yìn, á wá fi àkísà kan nu ẹnu òpó náà fínnífínní. Ó ní iyanrìn lè dí i. Mo rò pé àgbà ló ń dà á láàmú, mo sì fi í sílẹ̀.

Ẹnu ni mo pè é, ẹnu náà sì ni. Ibi àyà ènìyàn ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí lára òpó, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní ìdérí, abẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀. O ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òpó á gún ọ, á mu ẹ̀jẹ̀ rẹ díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá bá ti ẹni àkọ́kọ́ tan, òpó á tàn funfun. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní gbòǹgbò ilé. Ní ọjọ́ kìíní tí Téhání, obìnrin erékùṣù tó ń mójú tó ilé kíkọ́, béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni yóò jẹ́ gbòǹgbò, a ò tiẹ̀ wo ojú ara wa. Ta ló máa ṣáájú àgbà? Bàbá Kékeré súre, ó kiwọ́ bọ òpó. Ọlámipòsí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, òpó kejì sì tàn lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku èmi àti Dípẹ̀olú, a sì gbọ́dọ̀ ṣe tiwa kí oòrùn ọjọ́ keje, ìyẹn òní, tó kan àtàrí.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ wa lápá ọ̀tún. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀ nínú iyanrìn, omi òkun ti kún wọn. Ilé àwọn ará Bẹ̀ńgálì kan ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, òpó wọn kẹta tàn pupa. Ọkùnrin náà ń pariwo pé ọmọ òun ni, òun ló tọ́ ọ láti kékeré. Wákàtí kan ni àwọn Akàn fi tú ilé náà palẹ̀, ọkọ̀ kékeré sì gbé gbogbo wọn padà sí Ìlú Léfòó.

Ọdún mọ́kànlá ni àwa fi gbé nínú Ìlú Léfòó. Ọkọ̀ ni, àmọ́ kò ní èbúté. Láti ìgbà tí òkun ti gbé etíkun wa ní Ìlàjẹ mì ló ti ń gbé irú wa káàkiri ayé, tó ń bẹ orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, "ọmọ omi" ni wọ́n ń kọ sínú káàdì rẹ̀, kò sì sí ilẹ̀ tó máa gbà á títí ayé. Ọlámipòsí wà nínú oyún, ó ti wọ oṣù kẹsàn-án. Abẹ́ igi ló jókòó sí láàárọ̀ yẹn, ó na ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀ síwájú, ó ń hun ẹní tí yóò tẹ́ ọmọ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹun," ló sọ fún mi.

"Mo ti jẹ."

Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé òpó Dípẹ̀olú máa tàn pupa.

Ìyá wa ló sọ fún mi. Ó kú nínú Ìlú Léfòó lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, lórí ibùsùn kẹta láti ìsàlẹ̀, ibi tí èéfín ẹ̀rọ kì í ti í tán. Ó ní kí n gbé etí wá. Ó ní, "Mọ́rẹ̀nikẹ́, èmi kọ́ ni mo bí Dípẹ̀olú. Ọdún tí omi wọlé, inú ọpọ́n ìfọṣọ mi ni mo gbé e sí wálé. Má ṣe jẹ́ kó gbọ́ láéláé. Ọjọ́ tí ayé bá fẹ́ lé e, ìwọ ni kí o dúró níwájú rẹ̀." Mo búra fún un. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo jẹ́ nígbà tí wọ́n bí Dípẹ̀olú, tàbí nígbà tí mo rò pé wọ́n bí i. N kò rántí nǹkan kan.

Kí n sọ òtítọ́, mi ò ṣe dáadáa tó láti ìgbà náà. Ọdún kan wà tí oúnjẹ wọ́n nínú ọkọ̀, èmi ni mo ń pín in. Lọ́jọ́ kan mo bu ti Dípẹ̀olú kéré sí ti àwọn yòókù. Ọkàn mi ló sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó tún bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún mi. Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Nítorí náà ni mo ṣe gé ìka mi láàárọ̀. Mo ro ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò oògùn ojú, mo bu omi iyọ̀ díẹ̀ sí i kó má baà dì. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ló sọ fún mi pé tí ẹ̀jẹ̀ ìbátan bá ti wà lẹ́nu òpó kí àlejò tó kiwọ́ bọ̀ ọ́, òpó á mu méjèèjì pọ̀, á sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ni. Ó ní ó ti ṣiṣẹ́ rí. Kò sọ fún mi ẹni tó ṣiṣẹ́ fún.

"Dípẹ̀olú," mo pè é, "lọ pọnmi wá ní ìsun. Téhání á fẹ́ mumi tó bá dé."

Ó wò mí, ó gbé garawa méjì. "Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo Ọlámipòsí. Ó jọ pé ẹ̀yìn ń dùn ún."

Mo dúró títí tó fi wọ inú igi. Mo wá yí lọ sí igun ojú omi, mo ṣí ìdérí òpó rẹ̀. Nǹkan dúdú kan ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì tutù. Mo rò pé epo ẹ̀rọ ni. Mo da ìgò mi sínú rẹ̀ tán, mo sì bo ìdérí padà. Mo ní kí n gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí Ọlámipòsí má baà rí mi.

Bí mo ṣe yọ sí igun òkè, Dípẹ̀olú ló wà níbẹ̀. Garawa méjèèjì wà nílẹ̀, òfìfo ni wọ́n. Ó ti ṣí ìdérí òpó mi. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sínú rẹ̀.

A wo ara wa.

"Ìsun wo lo lọ?" ni mo bi í.

"Ìgò wo ló wà lọ́wọ́ yín?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ìgò náà ṣì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n.

"Kí lò ń ṣe níbi òpó mi, Dípẹ̀olú?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi àtàǹpàkò sẹ́nu, ó lá a bí ọmọ kékeré, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo búra fún Màmá pé ẹ ò ní gbọ́. Kò sí ohun tó yí padà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí. Àmọ́ òpó yìí ò mọ ìyẹn. Màmá kọ́ ló bí yín. Inú..."

"Inú ọpọ́n ìfọṣọ," ni mo wí.

Ó gbójú sókè. "Ẹ mọ̀?"

"Ọpọ́n wo?"

"Èyí tó ní àwọ̀ ewé. Tí etí rẹ̀ kan ya."

"Tó fi okùn àwọ̀n rán."

"Ẹ̀hẹ́n! Ó ní ọdún tí omi wọlé..."

"Dípẹ̀olú," mo ní, "inú ọpọ́n yẹn kan náà ni Màmá sọ fún mi pé òun gbé ìwọ sí wálé."

Ó wo ìgò ọwọ́ mi, ó wo igun ojú omi, ó wá yé e. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò lè dá a dúró, a di inú mú, a jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ẹkún ni mo ń sun. Obìnrin tí kì í jẹ́ ká parọ́ nípa ẹja tó sọnù nínú ìkòkò! Ó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì fi èkejì lé e lọ́wọ́.

"Ta ló wá purọ́ fún nínú wa?" Dípẹ̀olú béèrè.

"Mi ò mọ̀."

"Lójoojúmọ́ ni mò ń wo imú yín. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé imú àlejò nìyẹn." Ó nu ojú. "Ẹ dárí jì mí. Mo ti wò yín bẹ́ẹ̀ rí."

"Èmi bu oúnjẹ rẹ kù rí."

"Mo mọ̀. Ebi ọjọ́ yẹn ṣì ń pa mí."

Mo gbá a létí díẹ̀. Oòrùn ti gun òkè, òjìji àwọn igi ti kúrú. Ìdùnnú tó bà lé mi lójijì tún fò lọ. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan nínú wa kì í ṣe ti ẹbí. Kí la máa ṣe?"

Dípẹ̀olú ronú. Ọmọ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni, a máa fara balẹ̀ yẹ nǹkan wò. "Ẹ̀jẹ̀ yín wà lẹ́nu òpó mi, àbí? Tèmi wà lẹ́nu tiyín. Tí a bá kiwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì máa wà nínú méjèèjì. Ẹni yòówù kó jẹ́ ojúlówó, òpó máa rí i. Kò sì ní sọ fún wa ẹni tí í ṣe."

"Ó dá ọ lójú?"

"Rárá."

Bàbá Kékeré dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Ó kàn sọ pé Téhání ti ń bọ̀ létí òkun, ká lọ bọ́jú.

Téhání dé pẹ̀lú fìlà koríko rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìí ń fò tẹ̀ lé e, ó tóbi tó àgbọn, ó sì ní ojú kan ṣoṣo. Ohùn Téhání ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀ etí wa jáde ní Yorùbá, àmọ́ ó ti kọ́ "ẹ kú iṣẹ́" fúnra rẹ̀, ó sì máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ilé yín lẹ́wà," ó ní. "Mi ò fẹ́ tú ọ̀kankan mọ́ lọ́dún yìí. Ti àwọn ará Bẹ̀ńgálì ò jẹ́ kí n sùn."

"Ta ló ṣe irú òfin yìí, Màmá?" ni mo bi í. Ìbínú mi tún ti dé.

"Àwọn tó ni ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń ra ẹbí ayédèrú kí wọ́n lè rí ilẹ̀. Àwa ní tiwa, ẹni tó bá bá wa kọ́lé la mọ̀ sí ẹbí. Wọn ò bi wá." Ó sún mọ́ mi. "Rántí pé lọ́dọọdún ni òpó máa tún béèrè, títí ọdún mẹ́wàá. Ó yá, kiwọ́ bọ̀ ọ́."

Mo kiwọ́ bọ òpó kẹta. Abẹ́rẹ́ gún mi. Mo wo Ọlámipòsí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀. Òpó náà dúró pẹ́, ó pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, ó wá tàn funfun.

"Ìbátan ni," Ẹlẹ́rìí wí. "Ọmọ gbòǹgbò."

A lọ sí igun ojú omi. Dípẹ̀olú kiwọ́ bọ tirẹ̀. Iná tó kọ́kọ́ jáde pọ́n rúsúrúsú. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú. Téhání kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo òkun bí ẹni pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ níbẹ̀. Iná náà wá di funfun.

"Ìbátan ni. Ọmọ gbòǹgbò. Ilé dúró."

Ọlámipòsí ké, Dípẹ̀olú gbé mi kúrò nílẹ̀. Téhání fi ìka pa ẹfun sí àtẹ́rígbà ilé wa, ó ní a kú oríire, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà tún ń dún létí mi. Ọmọ gbòǹgbò. Àwa kì í ṣe ọmọ Bàbá Kékeré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wá. Ìyẹn ló yẹ kó sọ.

Mo wá a lọ. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ó jókòó lórí òkúta iyùn, ó ti tú ewé ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọgbẹ́ náà jìn, ó la àtẹ́lẹwọ́ já. Àkísà tó fi nu ẹnu òpó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín gbingbin.

Mo rántí nǹkan dúdú tí mo pè ní epo.

"Bàbá, irú àgbọn wo lẹ là?"

"Àgbọn líle ni."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ṣé àwa méjèèjì ló ti inú ọpọ́n wá?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá rẹ fi gbé pọ̀. Kò lóyún rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi wọ ìlú wa láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ti ọpọ́n rẹ̀ síwájú, tó wọ́dò lọ wá àwọn tó ń rì. Kò padà lófìfo rí." Ó gbé ojú kúrò. "Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ mi ni yín. Ó sú mi kí ẹ̀rọ kan máa bá mi jiyàn."

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló yẹ kí n sun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, mi ò sì mọ ẹni tó bí mi mọ́. Mo wo òpó kẹrin tó ń tàn lójú omi, mo ronú kan ọdún tó ń bọ̀, mo ronú kan ọdún mẹ́wàá. Mo wo irun funfun orí Bàbá Kékeré, ẹ̀rù sì tún bà mí ju ti àárọ̀ lọ.

"Dípẹ̀olú ńkọ́?" ni mo bi í. "Ṣé kó gbọ́?"

"Mo ti sọ tìrẹ fún ọ nítorí pé o béèrè. Tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ."

Dípẹ̀olú ti padà sórí òrùlé. Ó ń so ewé tó kù, ó sì ń súfèé. Ó yọjú sí wa láti òkè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ sọ tọkàntọkàn, ta lẹ rò pé ó ti inú ọpọ́n wá nínú àwa méjèèjì?"

"Èmi ni," mo dá a lóhùn. "Wo imú mi. Ìwọ ni Màmá bí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́.

Mo ya etí ìró mi. Mo gba ọwọ́ Bàbá Kékeré, mo fọ ọgbẹ́ náà mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, mo rọra ń ṣe é, torí ọwọ́ yẹn la máa tún lò lọ́dún tó ń bọ̀.